Ojú Tí Kò Jẹ̀bi

Màtírọ́nù ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì pa tẹlifíṣàn. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ariwo bò. Àwọn mẹ́ta ló jókòó yí bẹ́ẹ̀dì Màtírọ́nù ká lọ́sàn-án ọjọ́ náà: ọmọkùnrin rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ránṣọ, àti ọmọ àbúrò rẹ̀, ọmọge ọdún mẹ́tàlélógún tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, láti lọ yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Màtírọ́nù fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì, orúkọ iṣẹ́ náà ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é títí di òní. Àìsàn ọkàn ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọdún tó kọjá. Dókítà ti bá a sọ̀rọ̀ bí àgbà ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ó ní kó máa to ilé rẹ̀. "Ilé tí mo fẹ́ tò rèé," ló wí fún àwọn ọmọ. "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún méjìlélógójì, òtítọ́ kò bá a. Ó ti rẹ irọ́ náà, ó ti rẹ èmi náà. Lónìí, a ó dúró." Ọmọkùnrin rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ṣé a ní ẹ̀gbọ́n kan níbì kan tí a kò mọ̀ ni?" Màtírọ́nù kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ì bá ṣe pé ọmọ ni mo fi pamọ́, ǹ bá ti mú un wálé tipẹ́."

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni Màtírọ́nù nígbà náà. Kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó ń dúró de lẹ́tà ìgbàwọlé ni, nígbà tí ẹgbẹ́ kan tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè mú un. Oṣù mẹ́fà ni yóò fi ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn, ìdílé kan níbẹ̀ yóò sì gbà á sílé. Ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú ilé tí wọ́n mú un lọ. Baálé ilé ni ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn náà gan-an, Bàbá Alàyẹ̀wò ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, Ìyá Ilé ni àlejò náà ń pè é. Ẹni kẹta ni ìyá ìyàwó, arúgbó kan tó máa ń jókòó lórí àga onírọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìyá Àgbà yìí kò fọkàn tán ohunkóhun tó ń mí. Bí aago bá dún, yóò ní irọ́ ló ń pa. Bí aládùúgbò bá kí i, yóò ní, "Kí ló fẹ́ yá?" Ọjọ́ tí ọmọge náà dé, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Wọn kì í sanwó fún ọ, o fi ilé bàbá rẹ sílẹ̀, o wá ń gbé póò aláìsàn nílẹ̀ onílẹ̀. Kí lo ṣe nílé?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Àlejò, bí orúkọ ìkókó.

Yàrá Àlejò wà ní ìpẹ̀kun ọ̀ọ̀dẹ̀, ó há, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ògiri ilé kejì. Ṣùgbọ́n Ìyá Ilé fi aṣọ ìkélé tuntun sí i, ó gbé gíláàsì omi tí wọ́n dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sì ń pè é ní ọmọ mi kí oṣù kan tó pé. Wọn kò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun kan wà nínú ilé náà tí ará ìta kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ojú òsì Bàbá Alàyẹ̀wò ti ń ṣú. Bó bá fẹ́ ka ìwé ìròyìn nílé, ìyàwó rẹ̀ ló ń kà á sí i létí. Ní oṣù kẹta tí Àlejò dé, oṣù méjì ló kù tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ ojú náà fún un níbòmíràn, ó sì ti ṣètò pé ìsinmi ọdún ni òun yóò pè é lẹ́nu iṣẹ́. Ó sọ fún Àlejò fúnra rẹ̀ nídìí oúnjẹ pé, "Ojú ọ̀tún mi mọ́ ketekete, òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Èyí tí mo bá wò lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀, mo ń wò ó lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá gbọ́, wọn ò ní dúró bi mí pé ojú wo ni." Ìyá Ilé ní, "Inú ilé yìí ni ọ̀rọ̀ yìí máa kú sí o." Àlejò ní, "Ó ti kú, mà." Ìyá Àgbà, lórí àga rẹ̀, ń wo ẹnu Àlejò bí ẹni ń wo ìkòkò tó ń jò.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìṣẹ́gun kan ni, oṣù kẹrin tí Àlejò dé. Obìnrin méjì sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé ara wọn ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, àwọn méjèèjì ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ọ̀kan dákẹ́ bí omi inú àmù. Ìkejì kò dákẹ́ rárá: aránbàtà ni, ó bí ọmọ mẹ́ta, àwàdà rẹ̀ ni gbogbo wọ́ọ̀dù fi ń gbàgbé ìrora, Aláwàdà sì ni wọ́n ń pè é. Bó bá rí Àlejò, á ní, "Wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ! Àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti lanu, ó ń béèrè omi. Jẹ́ kí n kúrò níbí ná, màá bá ọ rán an." Nọ́ọ̀sì Àgbà tó ń darí wọ́ọ̀dù gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì. Òfin ni pé òun fúnra rẹ̀ ni kó kọ orúkọ sára wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀, ó kó wọn lé Àlejò lọ́wọ́, ó ní, "Kọ orúkọ wọn sí i níbí, lójú wọn, kí o tó gbẹ́sẹ̀." Àlejò wá bírò, kò rí i. Ẹnìkan pariwo fún póò lápá ibòmíràn. Ló bá sọ ìgò méjèèjì sínú àpò kan náà, ó sáré gbé póò, ó gbàgbé. Ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò ló ti rántí. Ó kó wọn jáde, ó tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀jẹ̀ méjì, àwọ̀ kan.

Màtírọ́nù gba omi mu. "Ẹ má bá mi wá àwáwí," ló wí. "Bí mo bá padà, wọn yóò tún ẹ̀jẹ̀ náà gbà, Nọ́ọ̀sì Àgbà yóò bú mi, ó parí. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ọ̀lẹ kọ́ ló mú mi, ìgbéraga ni. Ó ti bú mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ náà lójú àwọn aláìsàn, mo sì ti búra pé kò ní rí ẹ̀kẹta." Ó yá bírò lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá lọ, ó fi ọkàn sọ pé èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ni ti Aláwàdà, ó kọ ọ́. Bàbá Alàyẹ̀wò gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní, "Àlejò mi, o ṣeun."

Aláwàdà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́ kejì, òun sì ni ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀. Wọ́n so àpò ẹ̀jẹ̀ kọ́ fún un. Àlejò ló ń di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó ní, "Ẹ̀yìn mi o. Kí lẹ ń fi sí mi lára?" Àwàdà ti kúrò lójú rẹ̀ pátápátá. Wọ́n já okùn ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, ṣùgbọ́n ìtọ̀ rẹ̀ ti dúdú bíi tíì tó pẹ́ lórí iná. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin méjèèjì yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé irú ẹ̀jẹ̀ wọn ti gba ipò ara wọn nínú ìwé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ibo ni wọ́n ti gba ipò ara wọn? Ṣé lọ́wọ́ ẹni tó kọ orúkọ ni, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò?

Láti ìgbà náà ni gbogbo ojú ti di ojú ọlọ́pàá lójú Àlejò. Bí àwọn nọ́ọ̀sì méjì bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, òun ni wọ́n ń sọ. Bí ilẹ̀kùn bá dún, wọ́n ti dé. Nọ́ọ̀sì Àgbà fà á wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́, èmi ni mo kọ orúkọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣé o gbọ́? Iṣẹ́ gbígbé nìkan lo ṣe." Àlejò wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Nílé, nídìí oúnjẹ alẹ́, Bàbá Alàyẹ̀wò nìkan ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ méje la fi ń tọ́jú ìgò ẹ̀jẹ̀ tí a bá lò. Àwọn méjèèjì wà nínú fíríìjì mi. Lọ́la, níwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ikú náà, a ó mú wọn jáde, a ó yẹ̀ wọ́n wò lójú gbogbo ènìyàn, a ó sì mọ̀ bóyá orúkọ tó wà lára ìgò bá ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ mu. Ẹnu lè parọ́, ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́." Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ọlọ́run á fi òtítọ́ hàn." Ìyá Àgbà kò gbé ojú kúrò lára àlejò wọn. Ó ní, "Oúnjẹ rẹ ń tutù."

Agogo méjì ọ̀sán ni ìgbìmọ̀ fẹ́ jókòó. Ní nǹkan bí agogo méjìlá, Bàbá Alàyẹ̀wò pàdé Àlejò ní kọ́rídọ̀, ó ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ọ̀gá, ìwé kún ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, mo gbàgbé awò ojú mi sórí tábìlì, wọ́n sì fẹ́ kí n ka àwọn ìwé yìí kí a tó wọlé. Bá mi mú un wá." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá àyẹ̀wò lápò, ó fi lé e lọ́wọ́. Àlejò ṣílẹ̀kùn. Fíríìjì ń kùn bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ìgò náà wà lókè, ó rí orúkọ Aláwàdà, ó rí ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀, lẹ́tà ìkẹyìn tó máa ń tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ. Ó da ẹ̀jẹ̀ méjèèjì sínú síńkì, ó ṣí omi lé e títí tí omi fi mọ́. Ó fi ìwé wé ìgò, ó rì wọ́n sísàlẹ̀ àpótí ìgò fífọ́ tí wọ́n máa ń kó lọ jó. Lẹ́yìn náà, ó mú awò ojú lórí tábìlì, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sì gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Màtírọ́nù ní, "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo nù ún. Mo fẹ́ kó ríran dáadáa lọ́jọ́ tí mo sin ín."

Ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń sunkún. Màtírọ́nù ní kó má tíì sunkún, nítorí ibi tó burú jù kò tíì dé.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, tí wọ́n ṣí fíríìjì tí wọn kò rí ìgò, alága ìgbìmọ̀ béèrè pé ibo ni wọ́n wà. Gbogbo ojú yí sí Bàbá Alàyẹ̀wò. Ó wo inú fíríìjì, ó tún un wò, ó yọ awò rẹ̀, ó tún un fi. Ó ní, "Wọ́n wà níbí láàárọ̀. Ẹ bi Àlejò, òun ló wọlé wá mú awò mi. Ó ṣeé ṣe kó rí wọn." Ẹ̀rí ló fẹ́ kó jẹ́ fún òun, bí ọmọ ṣe ń jẹ́rìí bàbá. Ṣùgbọ́n ìfura ti jẹ orí Àlejò tán. Ó gbọ́ ọ bí ìdẹ. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé, "Ó ti mọ̀. Ó ń rọra fà mí síta ni." Ó ní, "N kò wo inú fíríìjì, sà." Alága ìgbìmọ̀ ní, "Ìwọ lo ń gbé ilé rẹ̀. Ǹjẹ́ nǹkan kan wà tó yẹ kí a mọ̀?" Ó lè sọ pé rárá. Kò sí ẹni tó fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì Àgbà ti jẹ́rìí pé òun ló kọ orúkọ, ìgò kò sí mọ́, ọwọ́ kankan kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ojú wọn ni, sà. Ojú òsì wọn kò ríran mọ́. Ìyàwó wọn ló ń ka ìwé ìròyìn fún wọn. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣùgbọ́n ìka aláìṣẹ̀ ló nà sábẹ́ ọ̀bẹ. Bàbá Alàyẹ̀wò kò bínú, kò pariwo. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà, ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó ń fi ti òsì wo àwọn tó wà níwájú rẹ̀, bí ẹni tó ń dán ara rẹ̀ wò. Ó ní, "Bóyá òótọ́ ni."

Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ló fi ojú àìsàn ṣiṣẹ́, òun ló sì gbé ìgò pamọ́. Àlejò ní òun kò ní parí oṣù mẹ́fà náà, òun ń lọ sílé. Ọjọ́ méjìlá ló ṣì fi gbé ilé náà, nítorí kò sí ọkọ̀ òfúrufú kí ó tó di ọjọ́ yẹn. Ó ń jẹ oúnjẹ wọn. Ìyá Ilé ṣì ń dé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pè é ní ọmọ mi mọ́. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé àga òun kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí wọ́n gbé e sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó wá ń kọjú sí ilẹ̀kùn Àlejò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú bó ṣe ń kọjá, ó ní, "Ìwọ nìkan lo wọ yàrá yẹn. Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé aago pàápàá, n kì í gbà á gbọ́." Ó tú u sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ọjọ́ tó ń lọ, Bàbá Alàyẹ̀wò ló gbé báàgì rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Ẹ̀rù ń ba Àlejò. Ó rò pé ibẹ̀ ni yóò ti bi í. Ọkùnrin náà gbé báàgì sílẹ̀, ó ní, "Má jẹ́ kí ọkàn rẹ bàjẹ́ nítorí mi. Èmi ni mo fi ohun tó yẹ kí n sọ pamọ́, obìnrin kan sì ti bá a lọ. Ìwọ lo ní ìgboyà láti sọ òótọ́. Nọ́ọ̀sì gidi lo máa jẹ́." Ó sì juwọ́ sí i títí ọkọ̀ fi yà.

"Mo sì jẹ́ nọ́ọ̀sì gidi," ni Màtírọ́nù wí. "N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ sára ìgò níbòmíràn yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn rí. Gbogbo ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ ló ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ. Àṣé ẹ̀bi ló ń wọ aṣọ funfun." Ní oṣù méjì sẹ́yìn, nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀ ilé títò, ó kọ lẹ́tà sí Ìyá Ilé, ó sọ gbogbo rẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Èsì dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí ọmọ àbúrò òun kà á síta. Ọwọ́ ìkọ̀wé arúgbó ni, ó ń wárìrì. Ìyá Ilé ní ọkọ òun ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní wọ́n ṣe ojú rẹ̀, ó sì ríran kedere, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan iṣẹ́ àyẹ̀wò mọ́ láyé. Ó ní àkọ́bí Aláwàdà ló jogún ṣọ́ọ̀bù bàtà ìyá rẹ̀, lọ́dọọdún sì ni Bàbá Alàyẹ̀wò máa ń gbé bàtà tí kò bàjẹ́ lọ síbẹ̀ láti tún un ṣe, nítorí kó lè dúró níwájú ọmọ náà, kó ní kó má bínú. Ọmọ náà yóò rán ibi tí kò ya, kò ní dá a lóhùn. "Títí tó fi kú," bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà náà wí, "ó gbà pé ojú òun ló pa obìnrin yẹn. O ní kí n dárí jì ọ́. Ta ni kí n ka ìwé rẹ fún? Kọ ọ́ sí ilé ìwòsàn, kí o kọ ọ́ sí àwọn ọmọ olóògbé, fi orúkọ rẹ sí i, kí àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Bó o bá ti ṣe ìyẹn, kí o tún wá bi mí."

Màtírọ́nù fa ìwé kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ti kọ ọ́. Ó ní ìdí tí òun fi pè wọ́n nìyí, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ọmọkùnrin rẹ̀ dìde. Ó ní, "Màmá, orúkọ yín ló wà lára wọ́ọ̀dù tuntun ní ilé ìwòsàn wa. Ẹni tó kú ti kú, ẹni tí wọ́n lé ti kú. Ta ni ìwé yìí fẹ́ ṣe láǹfààní?" Màtírọ́nù ní, "Àkọ́bí tó ń rán bàtà tí kò ya." Ọmọbìnrin rẹ̀ nu ojú, ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ní, "Mà, ṣé kí n má lọ mọ́ ni?" "Lọ," ni Màtírọ́nù dá a lóhùn. "Àṣìṣe yóò bá ọ níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kan aláìsàn tí kò ní ṣe é. Lọ́jọ́ tí o bá ṣe é, pariwo rẹ̀ kí ó tó dàgbà. Jẹ́ kí wọ́n bú ọ. Èébú kì í pa ènìyàn, mo ti rí ohun tó ń pa ènìyàn. Bí wọ́n bá sì gbà ọ́ sílé, tí wọ́n fi àṣírí wọn hàn ọ́, rántí pé ìhòòhò wọn ni wọ́n fi hàn ọ́, má fi bo tìrẹ." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

Ó ku ọmọkùnrin náà. Ó gba ìwé, ó lọ dúró níbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń máàkì ìwé ìdánwò. Ó pẹ́. Nígbà tó yíjú padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Màmá, ẹ kọ ọ́ síbí pé, 'nípa àṣìṣe mi, ìgò méjèèjì sọnù.'" Màtírọ́nù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà ní, "Ohun tí ẹ sọ fún wa kọ́ nìyẹn." Màtírọ́nù wo ìwé, ó wo ọmọ rẹ̀. Ìtìjú bò ó ju bó ṣe bò ó látàárọ̀ lọ, nítorí kò mọ̀ pé ọwọ́ òun ṣì ń parọ́. Ó gba bírò. Ó fagi lé gbólóhùn náà, ó sì kọ ọ́ sókè rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà pé, *Mo dà wọ́n nù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.* Ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, tó sì fọwọ́ sí i.